Wolé-wolé Kan Ilẹ̀kùn: Ibo Ni Agbára Rẹ̀ Mọ?

Ilẹ̀kùn kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ pé ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì, ni wọ́n ti gbé e lọ. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣiṣẹ́ láàfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló gbẹ́ ẹ. Ní apá kan ilẹ̀kùn náà, Ògògà gúnwà, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó kan ń bọ̀, èèyàn méjì gbé e rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Captain Ambrose ni òyìnbó náà, ajẹ́lẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣọ́ Èkìtì, tó dé Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1901. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí pàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley, ìlú òyìnbó ló sì wà títí di òní.

Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́wẹ̀ lè gbẹ́ sára ilẹ̀kùn ọba, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba dé ìlú ló yàn. Ojú rẹ̀ ríran. Láti ìgbà náà ni ará Ìkẹ́rẹ́, ará Ìsẹ̀ àti ará Emùré ti ń gba àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ní òfin ló rán òun.

Èyí tí àwọn àgbà mọ̀ jù nínú àlejò bẹ́ẹ̀ ni wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń yẹ ilé wò. Òfin ìlera tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1917 ló fẹsẹ̀ iṣẹ́ wọn múlẹ̀. L'Ékòó, Dókítà Isaac Ladipo Oluwole ló ṣètò ilé-ẹ̀kọ́ wọn sí Yábàá, àrùn tí eku ń kó ràn èèyàn sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1924. Wolé-wolé á wọlé, á ṣí ìkòkò omi wò, á yọjú sí ṣálángá, á yí ẹ̀yìnkùlé po. Bó bá rí tánwíjí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àmù, ẹjọ́ dé nìyẹn. Bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀ ní àdúgbò kan, àwọn ìyàwó ilé àdúgbò kejì á ti máa da omi nù, wọn á máa gbá ibi tí wọn kò gbá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Kí ló fà á tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà ló gba wolé-wolé síṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ yẹn náà ló ni akódà tó ń mú èèyàn. Ọba àti àwọn ìjòyè tó jẹ́ olórí rẹ̀ ló tún ń jókòó ṣe adájọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Ẹni tó rí ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó mú ẹlẹ́ṣẹ̀ àti ẹni tó dá ẹjọ́, inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti ń bu oúnjẹ. Bí ará ìlú bá wá gbà pé wolé-wolé fúnra rẹ̀ ló ń bu owó ìtanràn, wọn kò ṣì í rò. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú wọn.

Ètò yẹn ti kọjá lọ, èrò tó gbìn sọ́kàn èèyàn ló ṣẹ́kù. Títí di òní, bí ẹni tó gbé káàdì kọ́rùn bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà Ọba Ìkẹ́rẹ́, tó fa ìwé yọ, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti gbà pé àwọn jẹ̀bi kó tó lanu. Ohun tó tún burú ni pé àwọn kan nínú àwọn tó gbé káàdì kọ́rùn gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 ni agbára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Abala 7 ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ni kó máa ṣàkóso agbègbè kọ̀ọ̀kan. Àfikún Kẹrin ìwé náà wá ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, kíkó ìdọ̀tí, fífi nọ́ńbà sára ilé, ìwé-àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke, ṣọ́ọ̀bù àti kióósì, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, títí dé orí ẹran tí a ń sìn nínú ilé. Kí ará Emùré tó jẹun ọ̀sán, ó ti bá ohun mẹ́ta mẹ́rin pàdé nínú àtòkọ náà.

Ṣùgbọ́n àtòkọ iṣẹ́ kì í ṣe òfin tí a fi ń mú èèyàn. Ohun tó sọ kò ju pé ọ̀rọ̀ báyìí, káńsù ló ni ín. Kí ẹnikẹ́ni tó lè jẹ̀bi, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣe òfin lórí rẹ̀, tàbí kí káńsù lo agbára tí òfin ìpínlẹ̀ fún un láti ṣe òfin tirẹ̀, kí àwọn káńsẹ́lọ̀ jókòó lé e, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Abala 36 Ìwé Òfin kò fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀: a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin tí a kọ sílẹ̀ kò dárúkọ, tí kò sì sọ ìjìyà rẹ̀. Ìkéde tí wọ́n fi gbohùngbohùn ṣe kiri ìlú kì í ṣe òfin. Ọ̀rọ̀ tí alága sọ lórí rédíò kì í ṣe òfin.

Ìlú Èkó ni wọ́n ti dán èyí wò jù. Ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon ló gbé ìgbógunti ìwà àìbìkítà dé ní 1984, wọ́n sì fi ìmọ́tótó àyíká kún un ní 1985. Àṣà pé kí èèyàn jókòó sílé láàárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kò bá ológun lọ. Lọ́dún 2013, wọ́n mú obìnrin kan l'Ékòó pé ó jáde lásìkò ìmọ́tótó, wọ́n sì gbé e dé kóòtù alágbèéká. Obìnrin náà kò gbà, ó gbé ẹjọ́ náà lọ sókè. Ní Oṣù Kọkànlá 2016, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní àṣẹ gómìnà kò lè di ẹ̀ṣẹ̀ sí ará ìlú lọ́rùn níbi tí kò ti sí òfin tí a kọ. Ọdún kan ṣáájú, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó ti sọ irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ tí lọ́yà Ebun-Olu Adegboruwa pè. Oṣù Kọkànlá yẹn kan náà ni ìjọba Èkó fagi lé sísé ará ìlú mọ́lé. Ìyẹn kò sọ ìmọ́tótó di ohun àìtọ́. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ kí àwọn èèyàn jókòó sílé, kó ṣe òfin rẹ̀, kó kọ ìjìyà sínú rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá òfin wà ní kíkọ; ìbéèrè kejì ni ta ló fọwọ́ sí ìwé tí òṣìṣẹ́ náà mú wá. Ní ti èyí, kò sídìí tí a ó fi lọ dé Èkó rárá. Ní Oṣù Kẹwàá 2010, ìjọba Gómìnà Kayode Fayemi tú káńsù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ní Èkìtì ká. Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀/Ọ̀rún àti Emùré wà nínú wọn. Àwọn alága tí wọ́n yọ kò tíì lo sáà tí ará ìlú dìbò fún wọn tán. Wọ́n gba kóòtù lọ. Ẹjọ́ náà rìn títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ní Oṣù Kejìlá 2016 ni àwọn adájọ́ tó sọ pé ìtúká náà kò bófin mu, pé abala òfin ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tí gómìnà gbé ara lé tako Ìwé Òfin ilẹ̀ wa. Ọdún mẹ́fà kọjá kí ìdájọ́ tó dé. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà tún là á fún gbogbo ìpínlẹ̀ pé gómìnà kò lè fi ìgbìmọ̀ tí ó yàn rọ́pò káńsù tí a dìbò yàn. Fún ọlọ́jà, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òfin káńsù tí kò sí káńsẹ́lọ̀ kankan tó jókòó lé e kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní LCDA, tún wà lọ́tọ̀. Èkìtì ní 22 wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà nínú Ìwé Òfin. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí dé láti Èkó, ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 2004 ni pé ìpínlẹ̀ lè ṣe òfin tó dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì di ìjọba ìbílẹ̀ gidi àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Ẹni tí ìwé owó bá dé sí lọ́wọ́ láti ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, òfin wo ló gbé e.

Ká ní obìnrin kan ń ta oúnjẹ ní búkà lẹ́bàá ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́. Wolé-wolé dé lọ́sàn-án. Ó lè wọlé bí? Ó lè wọlé. Abala 37 Ìwé Òfin dáàbò bo ilé ẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n abala 45 gba òfin tó bọ́gbọ́n mu láyè nítorí ìlera gbogbo ènìyàn, orí ìyẹn ni àwọn òfin ìlera tó ń jẹ́ kí wolé-wolé wọ ibi oúnjẹ dúró lé. Oníbúkà tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn tàbí tó kó ọmọ àdúgbò lé e lórí, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń dá. Ìyá oníbúkà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí àlejò náà jẹ́. Láti ọdún 2002 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, tó sì ń fún wọn ní ìwé-àṣẹ, bí ti nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni; ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ìjerò-Èkìtì wà lára ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ yìí ti ń jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnì kan fún ní fílà àti ìwé rìsíìtì lánàá kì í ṣe wolé-wolé.

Bó bá rí i pé ẹ̀gbin wà, kò gbọ́dọ̀ ju ìwé ìkìlọ̀ lọ lákọ̀ọ́kọ́: ohun tó burú rèé, ohun tí ẹ ó ṣe rèé, ọjọ́ tí ẹ ó ṣe é dà rèé. Bí ọjọ́ náà bá pé tí nǹkan kò yí padà, á gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú májísíréètì tàbí kóòtù tí òfin yàn. Adájọ́ ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n palẹ̀ ẹ̀gbin náà mọ́, adájọ́ náà ló lè bu owó ìtanràn. Wolé-wolé á dúró níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí àti olùpẹjọ́, ìyá oníbúkà á sì sọ tẹnu tirẹ̀. Iṣẹ́ wolé-wolé ni kó wọlé, kó wò, kó kọ ọ́, kó pẹjọ́. Níbẹ̀ ló mọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní, "Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá nísinsìnyí kí n má bàa gbé yín lọ sí kóòtù," ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń gba owó tí kóòtù nìkan ló lè pàṣẹ rẹ̀. Lọ́dún 2018, nínú ẹjọ́ àjọ NOSDRA àti ilé-iṣẹ́ Mobil, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ fún àjọ tó ń ṣọ́ epo rọ̀bì tó dà sílẹ̀ pé bíbu owó ìtanràn jẹ́ iṣẹ́ adájọ́. Bí àjọ ìjọba àpapọ̀ kò bá lè ṣe é fún Mobil, ta ni yóò ṣe é fún alákàrà ní Emùré? Ní Oṣù Kẹwàá 2024, Adájọ́ Evelyn Maha ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábújá tún ní àwọn VIO ìlú náà, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, kò ní agbára láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbà á tàbí láti bu owó lé awakọ̀. Kí ọlọ́kọ̀ Ìkẹ́rẹ́ má ṣe sáré gé ìròyìn yẹn lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ o: òfin Àbújá ni ẹjọ́ náà dá lé, òfin ìrìnnà Èkìtì sì wà lọ́tọ̀.

Bó bá wá di pé wọ́n mú èèyàn ńkọ́? Abala 35 sọ pé ẹni tí a bá mú lórí ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù tó yẹ bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú un. Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, kí ẹ wọn ọ́n gbọọrọ láti Adó: Ìkẹ́rẹ́ kò tó 40, Ìsẹ̀ kò tó o, Emùré gan-an kò tó o. Ká tó wá sọ ti kóòtù tó wà nítòsí wọn. Kò sí ìlú kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti lè rí àwáwí ọ̀nà jíjìn wí.

Lórí ọ̀rọ̀ owó ni ẹnu ti ń kò jù. Òfin ológun kan tí wọ́n ṣe ní 1998 to owó-orí àti owó ìwé-àṣẹ tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ní owó ṣọ́ọ̀bù àti kióósì, owó ilé, owó ibi ìpẹran, owó ọjà, owó ibùdókọ̀, owó àríyá tó dí òpópónà, owó pátákó ìpolówó, títí kan owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò gbọ́ rí. Òfin yẹn tún sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni, yálà agbowó ìjọba tàbí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó gbọ́dọ̀ dínà nítorí owó-orí. Ó fi ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì, de ẹni tó bá rú u. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìsẹ̀ kọjá sí Àkúrẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jìnnà sí ohun tí ojú ń rí lójú títì: igi gbọọrọ tí wọ́n fi ìṣó gún, ọmọkùnrin mẹ́ta lẹ́bàá rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mẹ́rin.

Ẹjọ́ owó ilé ti dé òkè náà. Ìjọba Kano gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Knight Frank & Rutley kí wọ́n bá a ṣe àkójọ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan tó láti gba owó lórí wọn. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tó dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1998, àwọn adájọ́ ní owó ilé kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ rárá, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, nítorí náà àdéhùn ọ̀hún kò dúró. Ẹ̀kọ́ tó wúlò nìyẹn fún onílé tí agbowó méjì bá wá bá lórí owó kan náà.

Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Ìdájọ́ 2003 láàárín Èkó àti ìjọba àpapọ̀ fi ètò ìlú sábẹ́ ìpínlẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ilé ti ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè Olósùnta àti Òrólé, òṣìṣẹ́ ètò ìlú ní ohun gidi tó ń wò. Ọ̀dà pupa tí ó fi fa àmì sára ògiri ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni àmì náà. Ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ òfin tí onílé rú àti àkókò tó ní láti dáhùn. Òfin ètò ìlú ti 1992 tilẹ̀ fi ìgbẹ́jọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn. Onílé tó bá rò pé ọ̀dà pupa ti parí ẹjọ́, tí kò sì kọ lẹ́tà kan, lè pàdánù ilé rẹ̀.

Èkìtì náà ní àpẹẹrẹ òfin tí wọ́n kọ kí wọ́n tó dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn ní Òkè-Akò ní 2016, Gómìnà Ayodele Fayose fọwọ́ sí òfin tó ká fífi màálù jẹko kiri lọ́wọ́ kò ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n yan àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń mójú tó o. Èèyàn lè bá òfin náà jà, ọ̀pọ̀ ló sì bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní kíkọ, ìjìyà wà nínú rẹ̀. Ní igbó ọba Ìsẹ̀, níbi tí díẹ̀ lára ìnàkí tó ṣẹ́kù ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ń sá pamọ́ sí, òfin igbó ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń lò. Agégẹdú tó bá wọbẹ̀ láìgbàṣẹ kò lè fi rìsíìtì káńsù dáàbò bo ara rẹ̀.

Irú ìjà yìí kì í ṣe ti wa nìkan. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan kọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ilé wò láti wọ ibùgbé òun láìní ìwé àṣẹ kóòtù. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Ní 1967, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà gbè é: bí onílé bá kọ̀, kí òṣìṣẹ́ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ ná.

Nílẹ̀ wa, ìṣòro tó ṣáájú ni pé ọ̀pọ̀ ará ìlú kò rí òfin káńsù kà rí. Wọn kì í tà á lọ́jà, kò sì sí lára pátákó ìkéde. Síbẹ̀ ọ̀nà kan wà tí kò náni lówó púpọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe jáde ní 2011, Èkìtì sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Ní Oṣù Kẹrin 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní òfin àpapọ̀ náà de ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òfin tí wọ́n ń torí ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lè kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí akọ̀wé káńsù ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré, kó béèrè ẹ̀dà òfin náà, kó sì gba òǹtẹ̀ pé lẹ́tà dé. Ọjọ́ méje ni òfin àpapọ̀ fún wọn láti fèsì.